Obìnrin Ìrọ̀lẹ́ Ilé Oríyọmí

Ẹni tó bá fẹ́ fojú rí Oríyọmí nígbà tí oòrùn bá wà lókè, àfi kó dúró de Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, tí ìjọba bá ní kí oníkálukú jókòó sílé tún àyíká ṣe. Àwọn ọjọ́ yòókù ńkọ́? Ẹ má wulẹ̀ wá a. Àkùkọ ò ní tíì kọ tí òun àti Bísọ́lá ìyàwó rẹ̀ á ti forí lé Èkó, àwọn àti gbogbo ará ẹ̀sítéètì tó gba ilé sí Ìkòròdú nítorí pé ilé ibẹ̀ ò wọ́n. Ìgbà tí wọ́n bá fi padà dé, ọmọ ti sùn, ọbẹ̀ ti dì. Irú ayé wo nìyẹn, kéèyàn bímọ tán kó máa wò ó lójú oorun? Ṣùgbọ́n ta la fẹ́ bi? Gbogbo wọn ló ń ṣe é, ohun tí gbogbo èèyàn bá sì ń ṣe, ìtìjú rẹ̀ kì í wọ ẹnì kan lára.

Lọ́jọ́ Sátidé tí à ń wí yìí, inú Oríyọmí dùn. Ó wọ ṣòkòtò péńpé, ó ń fi ṣọ́bìrì kó ẹrẹ̀ inú gọ́tà, ó ń súfèé. Bísọ́lá ń gbá iwájú ilé. Dùnsìn, àkọ́bí wọn, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ìwé girama, ń fọ abọ́ lẹ́yìnkùlé. Ayọ̀midọ̀tun àbíkẹ́yìn, tí kò tíì mọ bàtà ọ̀tún yàtọ̀ sí tòsì, ń bu omi dà sẹ́sẹ̀ ara rẹ̀, ó ní òun náà ń ṣe sanitéṣọ̀n.

Ibẹ̀ ni Mùlíkátù, ìyá Síkírù, ti yọjú lórí ọgbà. Ará Ìsẹ́yìn ni, òun àti ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ háyà ilé tó fara ti tiwọn ni.

"Ìyá Dùnsìn, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá Síkírù. Ẹ̀yin náà ò sinmi."

"Ta ló fẹ́ sinmi kí wolé-wolé wá bá a?" Mùlíkátù fi ìgbálẹ̀ rẹ̀ ti ara ògiri. "Ẹ má bínú o. Mo ti fẹ́ kí yín kú àlejò tipẹ́, n kì í rí yín ni. Àlejò yín yẹn ò mà kí èèyàn."

"Àlejò wo?"

"Obìnrin tó máa ń wà lọ́dọ̀ àwọn ọmọ nírọ̀lẹ́. Tí mo bá ti mú Síkírù bọ̀ láti ilé kéú báyìí, màá gbọ́ ohùn ẹ̀. Ohùn ọ̀hún le díẹ̀, àmọ́ ó mọ ọmọ ọ́ tọ́jú. Ó máa ń ní kí kékeré yìí jẹun."

Ìgbálẹ̀ dúró lọ́wọ́ Bísọ́lá. "Ìyá Síkírù, èmi nìkan ni obìnrin ilé yìí. Ojú ọ̀nà ni mo máa ń wà nígbà yẹn."

Mùlíkátù wò ó. Ó wo Oríyọmí nínú gọ́tà. Ó tún wo Bísọ́lá, ó wá mú ìgbálẹ̀ rẹ̀.

"Ó lè jẹ́ rédíò," ló wí. Bó ṣe pe rédíò yẹn, kò sí rédíò kankan nínú ọkàn rẹ̀.

Ọkàn Bísọ́lá lọ sára ọkọ rẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ síta, ọmọ Ìkirun ni, wọn ò kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Bàbá Dùnsìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá nǹkan kan wò nínú ilé." Nígbà tí wọ́n dé pálọ̀ tó ro ẹjọ́ tán, Oríyọmí bú sẹ́rìn-ín.

"Bísọ́lá, wò mí dáadáa. Èmi tí mo máa ń sùn lé èjìká ẹni ẹlẹ́ni nínú bọ́ọ̀sì? Obìnrin wo ló máa dúró de ọkùnrin tí kò mọ̀ pé ilé òun lójú fèrèsé àfi lọ́jọ́ sanitéṣọ̀n?"

Ẹ̀rín pa Bísọ́lá, kò fẹ́ rẹ́rìn-ín. Òótọ́ kúkú ni. Ṣùgbọ́n bí kì í bá ṣe ti bàbá, ti àwọn ọmọ ni, ìyẹn ló tún wá burú jù. Wọ́n pe Dùnsìn. Ó dé pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́, ó kúnlẹ̀.

"Ta ni obìnrin tó ń bá yín sọ̀rọ̀ nírọ̀lẹ́?" Oríyọmí bi í.

"Kò sí obìnrin kankan, sà."

"Ìyá Síkírù gbọ́ ohùn ẹ̀."

Dùnsìn wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. "Kọ̀ǹpútà ni, sà."

Wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n bú u, wọ́n ṣèlérí ìpápánu fún un, kò fi ọ̀rọ̀ kan lé e. Bísọ́lá ń wo ọmọ yìí, ó ń wá ibi tó ti mọ̀ ọ́n lójú, kò rí i. Ìgbà wo ni èékánná ọmọ yìí gùn tó báyìí? Ìgbà wo ló kọ́ bí wọ́n ṣe ń di ọ̀rọ̀ sínú bí àgbàlagbà?

"Mo sọ ọ́," ni Oríyọmí wí. Kọ̀ǹpútà náà wà ní kọ̀rọ̀ pálọ̀, tòkunbọ̀ ni, wọ́n fi aṣọ bò ó. Òun ló rà á fún iṣẹ́ ilé ìwé Dùnsìn, òun ló tún ra mọ́dẹ́mù tó ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì wọ inú ẹ̀ sí i. "Àwọn tó ń pe ara wọn ní àǹtí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì nìyẹn. Wọ́n á máa bá ọmọ ṣeré, wọ́n á máa ní jẹun, wẹ̀, ṣe dáadáa. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n á ní kó yọ nọ́ńbà báńkì bàbá ẹ̀ fún àwọn. Ẹ̀kọ́ yahoo-yahoo ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Adéòjó ibi iṣẹ́ wa ti fún mi ní síìdì kan tí wọ́n fi ń tì í mọ́ ọmọdé. Mò ń fòní dónìí, fọ̀la dọ́la. Lónìí ni."

"Tì í, mo fara mọ́ ọn."

"Kò tán síbẹ̀. Tí mo bá dé Ẹ̀pẹ́ lónìí, màá sọ fún Ẹ̀gbọ́n mi Mọ́fẹ́yìsára pé kó wá máa mú Dùnsìn lọ. Ó ti ń bèèrè rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ilé ẹja rẹ̀ ló máa ń wà látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ọmọ ò lè sá kúrò lójú ẹ̀."

Dùnsìn gbójú sókè, ó tún sọ ọ́ sílẹ̀.

Bísọ́lá ní, "Ọmọ mi? Kó máa yan ẹja ní Ẹ̀pẹ́?"

"Ọmọ tí a ò kọ́ ló ń gbé ilé tí a kọ́ tà."

"Ilé wo la kọ́? Ilé háyà?"

Oríyọmí fẹ́ bínú, ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn nínú, ó yí ojú sógiri rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yíjú padà, ojú rẹ̀ ti le. "Tí ẹ bá rí obìnrin ọ̀hún mú kí n tó dé, tó jẹ́ èèyàn gidi, ọ̀rọ̀ parí. Tí ẹ ò bá rí i, Dùnsìn ń lọ sí Ẹ̀pẹ́."

Wọ́n tan kọ̀ǹpútà. Hẹn-ẹn, ẹ ò bá wà níbẹ̀, ẹ ò bá rí bí ọ̀gá ṣe jókòó. Ó wọ awò. Ó ti síìdì bọ̀ ọ́, ó ń dáhùn ìbéèrè lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń wá fíísà. Síìdì ní kó kọ àwọn ọ̀rọ̀ tí kò fẹ́ kí ọmọ rí. Oríyọmí ronú, ó tẹ "ìṣekúṣe," ó tẹ "jìbìtì," ó tẹ "obìnrin àjèjì."

"Ṣé kọ̀ǹpútà gbọ́ Yorùbá ni?" Bísọ́lá bi í.

"Ilé Yorùbá ló ń gbé."

Ó fún un ní àsìkò tí yóò máa ṣí: ìrọ̀lẹ́ díẹ̀, fún iṣẹ́ ilé ìwé, ó parí. Ó fi pásíwọ́ọ̀dù tì í. Bó ṣe ní kí òun dán an wò, iná lọ. Iná tún dé. Àgbà kọ̀ǹpútà yìí sì ní àléébù kan: bátìrì inú ẹ̀ tó ń tọ́jú aago ti kú, tí iná bá ti lọ, ó gbàgbé gbogbo ohun tó mọ̀ nípa àsìkò. Ó jí, ó ní òru ni, ó ní ọdún tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ọdún tó ti kọjá lọ tipẹ́tipẹ́. Síìdì Adéòjó ní bó bá jẹ́ òru ni, kí gbogbo èèyàn lọ sùn. Ó ti ìlẹ̀kùn mọ́ Oríyọmí fúnra rẹ̀ lójú. Ó tẹ pásíwọ́ọ̀dù títí ó fi wọlé, ó tún aago ṣe, ó ní kí wọ́n rí i pé òun ò tì í ṣeré.

Ó wá ti mọ́dẹ́mù bọ̀ ọ́ kí òun lè rí bí yóò ṣe lé obìnrin náà. Mọ́dẹ́mù ní kò sówó nínú òun. Ó ti tán látọdún Iléyá.

Bísọ́lá wo mọ́dẹ́mù, ó wo ọkọ rẹ̀. "Ibo wá ni obìnrin náà ń gbà wọlé?"

"Wọ́n lọ́gbọ́n," ni Oríyọmí wí. Ó dìde, ó wẹ̀, nígbà tí ìjọba sì fún ẹsẹ̀ láyè láti rìn, ó gba Ẹ̀pẹ́ lọ.

Tó bá jẹ́ Sátidé mìíràn, ọjà ni Bísọ́lá máa ń wà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Lónìí kò lọ. Ó ní òun máa jókòó ti ilé yìí títí òun á fi gbọ́ ohùn ẹni tó fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ òun. Ó rin ewùrà, ó gbé ìkòkorẹ́ kaná. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ọ, òun náà sì ti wá mọ̀ ọ́n sè ju àwọn tó ni ín lọ, ìyẹn ló máa ń wí. Ó fi ẹja sí i, ó fi edé sí i. Òórùn gbé ara Mùlíkátù wá sí etí ọgbà lẹ́ẹ̀kejì.

"Ẹ ti rí i?"

"Mò ń dúró dè é ni."

"Mo bá ìyá Rùkáyàt tó ń ta ata sọ ọ́," ni Mùlíkátù wí, "òun ní kò ní ju ìyàwó òkùnkùn kan lọ. Mo ní rárá o, Bàbá Dùnsìn ò lójú ẹ̀. Ẹni tí kì í sinmi, ibo ló ti máa ráyè ṣe é?"

Bísọ́lá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ló kù tó fẹ́ ṣe? Gbogbo àdúgbò ti gbọ́. Ó bu ìkòkorẹ́ sábọ́ fún un lórí ọgbà kí ẹnu lè ríṣẹ́ ṣe.

Gbogbo ọ̀sán, Dùnsìn ń rìn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nínú ilé bí ẹni tó ń di ẹrù lọ́kàn. Ó ká aṣọ tí wọn ò ní kó ká. Ó gé èékánná ara rẹ̀. Bísọ́lá pè é lẹ́ẹ̀kan pé, "Dùnsìn, sọ fún mi." Ọmọ náà ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́," ó sì bọ́ sẹ́yìnkùlé. Ìyá fojú tẹ̀lé e, ó ń rò ó. Bí ọmọ yìí bá lọ sí Ẹ̀pẹ́, ta ló máa ṣílẹ̀kùn fún àbúrò rẹ̀? Ta ló máa bọ́ ṣòkòtò lára rẹ̀? Ta ló máa tọ́jú oúnjẹ tí òun ń bá nínú kúlà? Ìgbà yẹn ló tó yé e pé ọmọ náà ni ìyá ilé yìí, òun kàn ń wá sùn ni. Ọ̀rọ̀ náà dun ún, ó gbé e mì.

Iná lọ lọ́sàn-án, ó tún dé. Kò sẹ́ni tó ráyè kọ̀ǹpútà.

Nígbà tí oòrùn rọ̀, ó bu ìkòkorẹ́ fún Ayọ̀midọ̀tun sínú abọ́ rẹ̀ kékeré, ó yọ egungun ẹja kúrò. Ọmọ náà gba abọ́, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní ẹ ṣé Mọ́mì. Ó sì kọjá lára rẹ̀, ó gbé abọ́ lọ sí pálọ̀, ó jókòó sílẹ̀ níwájú kọ̀ǹpútà. Ó fi ṣíbí lé itan.

"Ayọ̀mi, jẹun."

"Wọn ò tíì sọ."

"Àwọn wo ni ò tíì sọ?"

Ọmọ náà fi ṣíbí nà sí kọ̀ǹpútà.

Bísọ́lá wo kọ̀ǹpútà tí wọn ò tíì tàn. Ó jókòó tì í, ó bu òkèlè, ó gbé e dé ẹnu rẹ̀. Ẹnu ò ṣí. Ó bẹ̀ ẹ́, ó kọrin fún un, ó pè é ní ọkọ mi, ó pè é ní bàbá mi. Ẹnu dì gbáà. Ẹni tó bí i ló ń bẹ̀ ẹ́ yìí o, obìnrin kan tí kò rí rí ló ń dúró dè. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó ń bẹ kọ̀ǹpútà pé kó sọ̀rọ̀, ebi ń pa òun.

Mùlíkátù ti dé ẹnu ọ̀nà, abọ́ òfìfo wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Àsìkò tí ohùn yẹn máa ń sọ̀rọ̀ rèé," ló wí jẹ́jẹ́.

"Dùnsìn!" ni Bísọ́lá ké.

Dùnsìn ti wà lẹ́yìn wọn.

"Tan án. Obìnrin yìí, mo fẹ́ gbọ́ ọ létí mi."

Dùnsìn tan án. Kọ̀ǹpútà jí, ó ní òru ni, ó ní kí wọ́n lọ sùn.

"Pe bàbá rẹ kó sọ pásíwọ́ọ̀dù." Wọ́n pè é, fóònù Oríyọmí ò wọlé. Ayọ̀midọ̀tun ń ké. Bísọ́lá rí i pé ojú Dùnsìn wà lára kọ̀ǹpútà, pé ọwọ́ rẹ̀ ń yún un. "O mọ̀ ọ́n ṣí?"

Dùnsìn fi ọwọ́ pamọ́ sẹ́yìn.

"Dùnsìn."

"Tí mo bá ṣí i, Dádì máa mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n ṣí. Wọ́n máa ní mo ti ń kọ́ yahoo-yahoo lóòótọ́. Wọ́n máa mú mi lọ sí Ẹ̀pẹ́."

"Tó ò bá ṣí i ńkọ́?"

Dùnsìn rò ó. Kò sí ọ̀nà mìíràn. Ó pa kọ̀ǹpútà, ó tún un tàn, ó di bọ́tìnnì kan mú kó tó jí tán. Ojú kọ̀ǹpútà di búlúù. Ó fún un ní aago tòótọ́ àti ọdún tòótọ́ bó ṣe ti ń fún un láti ọjọ́ tí iná ti ń lọ. Ó wá mọ̀ pé ìrọ̀lẹ́ ni, ìlẹ̀kùn ṣí. Iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ fi gbogbo àárọ̀ ṣe, ìkòkorẹ́ ò tíì tutù tó fi wó lulẹ̀.

Ó tẹ nǹkan kan. Ariwo ṣíbí kọ́kọ́ dún, ó ń kan etí abọ́. Lẹ́yìn náà ni obìnrin náà sọ̀rọ̀.

"La ẹnu. Ayọ̀mi, mo ní la ẹnu. Ẹn-ẹn. Tó o bá tu ú dànù, màá nà ẹ́ o."

"Òun nìyẹn," ni Mùlíkátù wí.

Bísọ́lá na etí. Ohùn náà há, ó le, ó dà bíi ti obìnrin tí nǹkan ń sú. Ta nìyí? Ayọ̀midọ̀tun ti nu ojú, ó ti la ẹnu, ó ń jẹ.

"Má jẹ́ kí ògì yẹn dà sí mi láṣọ o, ọkọ ọmọ Ìkirun. Ó ku díẹ̀. Jẹ ẹ́ tán, tó o bá jẹ ẹ́ tán, Mọ́mì ò ní lọ síbì kankan."

Bísọ́lá wá mọ ohùn ara rẹ̀. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń jáde.

"Sátidé sanitéṣọ̀n kan ni mo gba ohùn yín sínú kọ̀ǹpútà, ẹ̀ ń fún un lógì," ni Dùnsìn wí. Ó ti kúnlẹ̀. "Kì í jẹun lọ́wọ́ mi. Ó máa ń ní àfi Mọ́mì. Tí ohùn náà bá tán, á tún bẹ̀rẹ̀ fúnra ẹ̀."

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Mo mọ̀ pé ẹ máa sunkún."

"Ta ló ń sunkún?" Bísọ́lá fi etí ìró nu ojú, ó fa ọmọ náà mọ́ra.

Mùlíkátù gbé abọ́ kalẹ̀ lórí àga. "Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó," ló wí. Kò parí rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ lọ wo Síkírù.

Láti ẹnu géètì ni ohùn Oríyọmí ti ń bọ̀. "Ìyá Dùnsìn! Ẹ̀gbọ́n ti gbà o! Ó ní kí n mú un wá láàárín ọ̀sẹ̀!" Ó wọlé pẹ̀lú ẹja yíyan tí wọ́n wé sínú bébà, inú rẹ̀ ń dùn. Ó dúró. Ohùn ìyàwó rẹ̀ ń sọ pé kí ọmọ la ẹnu, ìyàwó rẹ̀ sì jókòó nílẹ̀, ẹnu rẹ̀ dé, Dùnsìn wà ní àyà rẹ̀.

"Bísọ́lá, ṣé ìwọ lò ń sọ̀rọ̀ ni?"

Bísọ́lá kọ́kọ́ mi orí pé rárá. Ó wá gbé orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Oríyọmí wo kọ̀ǹpútà. Ó wo ọmọ tó ń jẹun níwájú rẹ̀. Ó tẹ́tí títí obìnrin náà fi dé ibi ìlérí rẹ̀, ó bọ́ fìlà.

"Ta ló ṣí i?" ló bi wọ́n. Dùnsìn fi ojú pamọ́ sí àyà ìyá rẹ̀, Oríyọmí ò sì bi wọ́n lẹ́ẹ̀kejì.

"Kí ni Ẹ̀gbọ́n wí?" Bísọ́lá bèèrè. "Mi ò gbọ́ dáadáa látìta. Ọjọ́ wo ni wọ́n ní ká mú ta wá?"

Oríyọmí wo Dùnsìn. Ó wo ẹja tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹja ni mo lọ rà," ló wí. "Ẹja nìkan ló mú mi dé Ẹ̀pẹ́."

Ẹ̀rín gba ilé kan. Dùnsìn rẹ́rìn-ín títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, bàbá rẹ̀ ń gbá a lẹ́yìn, ó ní kó wá kọ́ òun bó ṣe ṣí i, Adéòjó ò gbọ́dọ̀ gbọ́. Nínú ẹ̀rín yìí ni Ayọ̀midọ̀tun ti gbé abọ́ rẹ̀ sókè. Ó ti lá a mọ́.

"Mo ti jẹ ẹ́ tán."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ó gun orí itan ìyá rẹ̀, ó di etí ìró rẹ̀ mú.

"Mọ́mì, ẹ ò ní lọ síbì kankan?"

"Mi ò ní lọ síbì kankan, ọkọ mi."

"Lọ́jọ́ Mọ́ńdè náà?"

Bísọ́lá wo Oríyọmí. Oríyọmí tú bébà ẹja, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ egungun, ẹnikẹ́ni ò sì bẹ̀ ẹ́ pé kó yọ ọ́. Ọmọ náà ń dúró. Kọ̀ǹpútà ló dá a lóhùn láti kọ̀rọ̀ rẹ̀, ó ní tó bá jẹ ẹ́ tán, Mọ́mì ò ní lọ síbì kankan.